Ta Ni Yóò Pọn Ọmọ Kẹrin?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òwe yìí jẹ́ òtítọ́ fún ìgbà pípẹ́ ní agbo ilé Yorùbá, níbi tí ìyá àgbà, àwọn ìyàwó ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá àti gbogbo ará ilé ti ń gba ìkókó láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí igba ènìyàn náà kò bá sí nítòsí ńkọ́? Bí tọkọtaya bá ń gbé inú yàrá méjì ní Kánò, ní Kàdúná tàbí ní Jọ́ọ̀sì, tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ti gbé wọn jìnnà sí ẹbí, tí wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta, tí ẹ̀kẹrin sì ń bọ̀ lọ́nà, ta ni yóò pọn ọmọ náà?

Nígbà tí ìròyìn oyún kẹrin bá dé etí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ. Wọ́n á bèèrè bóyá owó oṣù tó, bóyá ilé gbà, bóyá owó ilé ẹ̀kọ́ wà. Kò sí àní-àní pé ìbéèrè pàtàkì ni wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbéèrè ọwọ́ ṣáájú ìbéèrè owó. Owó lè wá lọ́la. Ọmọ tí ń sunkún lóru òní kò lè dúró de ọ̀la. Bí òbí kò bá sì jókòó dáhùn ìbéèrè náà kí ọmọ tó dé, ilé yóò dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí ilé sábà máa ń yàn ni àkọ́bí, pàápàá bí àkọ́bí náà bá jẹ́ obìnrin. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé kò tọ́ kí òbí fi ọmọ tí wọ́n ti bí san gbèsè ọmọ tí wọ́n ń bí, àti pé ìmúrasílẹ̀ fún ọmọ kẹrin kò ju pé kí á ri í dájú pé irú sísan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Ìwé ìjọba ka orí, kò ka ọwọ́

Ó jọ bí ẹni pé iye mẹ́rin ní ìtumọ̀ pàtàkì fún àwọn tí ń ṣe òfin ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, nínú èyí tí a ti gba àwọn obìnrin níyànjú pé kí wọ́n má ṣe bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ètò adójútòfò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tí òfin ọdún 1999 dá sílẹ̀ kí òfin ọdún 2022 tó rọ́pò rẹ̀, ń tọ́jú òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ bíbí inú wọn mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bákan náà ni Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ti ọdún 2021 fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ gbà á ju ti ọmọ mẹ́rin lọ.

Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun kò bá ti ré iye náà kọjá, òun ti ṣe ohun tí ó tọ́. Èrò yìí kù díẹ̀ káàtó. Ìwé ìjọba ka orí ọmọ. Kò ka ọwọ́ tí yóò gbé wọn. Òfin lè sọ iye ọmọ tí ó yẹ kí ilé ní. Òfin kò lè sọ ẹni tí yóò jí ní agogo méjì òru láti gba ìkókó lọ́wọ́ ìyá tí ó ti rẹ̀. Ìwà ni ó ń dáhùn ìyẹn.

Ìṣirò ọjọ́ orí

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, kí ó dúró ó kéré tán oṣù 24 kí ó tó tún lóyún. Ìmọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Nígbà àtijọ́, ìyá a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, tọkọtaya kì í sì í sún mọ́ ara wọn títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Bí a bá fi oṣù mẹ́sàn-án oyún kún oṣù 24, oṣù 33 ni yóò wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Nígbà tí ọmọ kẹrin bá fi máa dé, àkọ́bí yóò ti pé oṣù 99, èyíinì ni ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́ta.

Ní ti àwọn tí kò fi àyè sílẹ̀, tí oṣù 18 péré wà láàárín àwọn ọmọ wọn, àkọ́bí yóò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀ nígbà tí ẹ̀kẹrin bá dé. Gbogbo ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa sunkún pọ̀, kò sì ní sí ẹni tí ó lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Ìpalára èyí hàn gbangba, ara ìyá ni ó sì kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ṣe é bí ó ti yẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti tó ẹni tí a lè di ọmọ lé lẹ́yìn. Ó lè po ẹ̀kọ, ó lè fọ aṣọ ìkókó, ó lè dá aago mọ̀. Nítorí náà, ìfètòsọ́mọbíbí tí ó dára jù lọ gan-an ni ó ń gbé àkọ́bí kalẹ̀ ní ọjọ́ orí tí ó wúlò, ibẹ̀ sì ni ìdánwò wà. Nígbà tí ọmọ kẹrin bá pé ọdún mẹ́ta, tí ó ń sáré, tí ó ń fọwọ́ kan iná, tí a kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, àkọ́bí yóò ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Ìgbà náà gan-an ni ó ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó sì yẹ kí ó máa múra fún ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìgbà tí iṣẹ́ ọmọ kẹrin pọ̀ jù ni ìgbà tí iṣẹ́ ìwé àkọ́bí pọ̀ jù.

Àwọn tí kò gbà

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Àkọ́kọ́ nínú wọn yóò sọ pé Ọlọ́run tí ó la ẹnu yóò fi nǹkan sí i. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti na ọwọ́ gba ohun tí Ọlọ́run pèsè kí ó tó fi sí ẹnu ọmọ. Bí ọwọ́ náà bá jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí á sọ pé Elédùmarè ni ó gbé ẹrù lé e lórí. Àwa ni a gbé e lé e.

Èkejì yóò sọ pé ẹ̀gbọ́n ni ó pọn òun náà, ẹ̀gbọ́n náà kò sì kú. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, nítorí pé òtítọ́ ni. Bí ó ti wù kí ó rí, nǹkan méjì ti yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n tí ó pọn àbúrò nígbà náà wà ní agbo ilé, àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà nítòsí tí yóò gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Lónìí, òun nìkan ni ó wà nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́nà kejì, ohun tí ẹ̀gbọ́n àtijọ́ ń pàdánù kò pọ̀ tó ti òde òní. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, tí ó sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1976, agogo ilé ẹ̀kọ́ ti gba òwúrọ̀ ọmọdé. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan pé kí òbí jẹ́ kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ẹ̀kọ́. Onímọ̀ kan tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, John Caldwell, ṣàlàyé ní ọdún 1976 pé níbi tí ọrọ̀ bá ti ń ṣàn láti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ òbí, ọmọ púpọ̀ jẹ́ èrè. Ṣùgbọ́n bí ìṣàn náà bá yí padà, tí òbí wá di ẹni tí ń ná ọrọ̀ lé ọmọ lórí, nǹkan yóò yàtọ̀. Ilé tí ó bá ń ná owó ilé ẹ̀kọ́ lé àkọ́bí lórí lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó sì ń gba àkókò ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ òsì, ilé náà ń fi agbọ̀n pọnmi ni.

Ẹ̀kẹta yóò ní ojútùú kan: kí á lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti abúlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á ronú sí i. Bí a bá yọ ẹrù kúrò lórí ọmọ wa tí a gbé e lé ọmọ ẹlòmíràn tí kò ju ọmọ wa lọ, kí ni a tún ṣe? Ẹrù náà ṣì wà lórí ọmọdé. Ìyàtọ̀ kan tí ó wà ni pé a kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 lòdì sí fífi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Kódà bí òfin kò bá sọ ọ́, ọkàn wa ìbá sọ ọ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ gba olùrànlọ́wọ́, kí ó gba àgbàlagbà, kí ó sì sanwó fún un.

Ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìrọ́pò

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí àkọ́bí má ṣe gbé àbúrò rẹ̀. Ọmọ tí kò bá kọ́ láti gba ẹrù lórí ẹlòmíràn nílé, ibo ni yóò ti kọ́ ọ? Nínú gbígbé àbúrò ni ìfẹ́ ọmọ ìyá ti ń wọ egungun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìrọ́pò. Ẹni tí ó ń ranni lọ́wọ́ di ìdí ẹrù mú. Ẹni tí a fi rọ́pò ni ó ru ẹrù náà pátápátá.

Ọ̀nà tí a fi lè dá wọn mọ̀ kò le. Kí òbí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí ń gba àkókò ilé ẹ̀kọ́ tàbí àkókò iṣẹ́ àmúrelé ọmọ náà? Ǹjẹ́ ó ń gba oorun rẹ̀? Bí ọmọ náà bá sì ní ó ti rẹ òun, ǹjẹ́ àgbàlagbà kan wà tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìrànlọ́wọ́ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ti fi ọmọ jẹ ìyá ọmọ.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ìmọ̀ràn tí kò ní ìṣe nínú, ariwo lásán ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí tọkọtaya lè ṣe kí ọmọ kẹrin tó dé.

Èkíní, kí wọ́n ka ọwọ́. Kí ọkọ àti aya jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ ilé sílẹ̀ láti ìdájí títí di àsùnwọ̀n: omi pípọn, iná dídá, ọmọ wíwẹ̀, oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, sísin àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbikíbi tí orúkọ ọmọ bá ti kọjú sí iṣẹ́ tí kò yege ìbéèrè mẹ́ta òkè yìí, kí wọ́n fi orúkọ àgbàlagbà rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Aṣọ tí a kò lọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Èkejì, kí bàbá wá ipò tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Òwe náà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí ó béèrè ìsinmi ọjọ́ 14 rẹ̀, kí ó má sì fi jókòó gba àlejò. Bí kò bá lè fún ìkókó lọ́mú, ó lè wẹ àwọn mẹ́ta yòókù, ó lè fún wọn lóúnjẹ, ó sì lè sìn wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin tí ó bá ń tijú láti gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ti gbàgbé pé ọmọbìnrin rẹ̀ kò ní àǹfààní láti tijú.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tọ́jú ara ìyá. Bí obìnrin bá ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta láìséwu, ó rọrùn fún un láti fojú tín-ín-rín oyún kẹrin, kí ó má sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ewu ni èyí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016 fẹ́ kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ní ìgbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ sì wáyé láàárín oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀. Kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó, kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kí ó sì máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí ó ṣe síkáànù pẹ̀lú. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ ní ayé, bí ọjọ́ orí ìyá bá sì ti ń pọ̀ sí i ni àǹfààní àtibí ìbejì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó múra sílẹ̀ fún ẹ̀kẹrin lè bá ẹ̀karùn-ún pàdé ní ọjọ́ kan náà. Kí wọ́n sì ti pinnu ṣáájú ẹni tí yóò sùn ti àwọn mẹ́ta ní alẹ́ tí ìrọbí bá dé. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni yóò wá láti ilé, kí ó ti dé kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n ya owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn mẹ́ta sọ́tọ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó dé. A mọ bí ọjọ́ kẹjọ ti ń rí láàárín wa: ìlù, aṣọ, ọtí àti ìrẹsì. Ìkómọ dára, ṣùgbọ́n ìkómọ tí ó jẹ owó ilé ẹ̀kọ́ kò yẹ ní fífi yọ̀. Bí wọ́n bá wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, kí wọ́n fi orúkọ ìkókó kún un láìjáfara.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọ tí ó wà nílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe sọ fún àkọ́bí pé, “Ìwọ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.” Kí wọ́n sọ fún un ohun tí kò ní yí padà: wákàtí tí yóò fi kàwé, ibi tí yóò sùn sí, àti pé òun ṣì jẹ́ ọmọ. Bí àkọ́bí bá sì jẹ́ ọkùnrin, kí iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ọmọ má ṣe fò ó kọjá lọ sórí àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n ti pinnu kí ọmọ tó dé bóyá ẹ̀kẹrin ni yóò jẹ́ ìkẹyìn, kí wọ́n sì bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aya nìkan.

Bí ọ̀ràn bá di dandan

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa pé àwọn ilé kan wà tí ìmọ̀ràn wọ̀nyí kò lè tó. Opó wà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé wà, ẹni tí kò ní jẹun bí kò bá lọ sọ́jà lónìí wà. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá fi ìkókó ti àkọ́bí, n kò ní í dá a lẹ́bi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kí ó mọ̀ pé gbèsè ni òun jẹ ọmọ náà, kí ó má ṣe pè é ní ojúṣe ọmọ. Gbèsè tí a bá mọ̀ ni a lè san. Bí ọmọ bá pàdánù sáà kan nítorí àbúrò, kí á wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí ó kọjá rẹ̀. Bí ó bá pàdánù oorun, kí á jẹ́ kí ó sùn. Kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ àti àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. A ó rí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì tí ó ń pẹ́ dé, tí ó ń tòògbé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Kí á tó pè é ní ọ̀lẹ, kí á tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ jẹ́ kí á rọra bi í pé, “Ọmọ mélòó ni ó wà nílé yín, ta ni ó sì ń gbé èyí tí ó kéré jù?” Bóyá ìdáhùn rẹ̀ yóò fi hàn pé ọmọ náà ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí á sì fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò rí àyè kọ́ nítorí pé ó ń pọn ọmọ wa wà lára wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń retí ẹ̀kẹrin, ẹ kú ewu oyún, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kí ẹ tó ra ọ̀já tuntun, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹ̀yìn tí ẹ ó so ó mọ́.